Láptọ́ọ̀pù Tòkúnbọ̀ olówó pọ́ọ́kú: bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, àti ohun tẹ́ ẹ máa gbé sínú ẹ̀

Ẹ okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìgbà kajú ni fóònù mi máa ń dún jù, torí ìgbà yẹn lowó máa ń wà lọ́wọ́, àwọn òbí á ní àwọn fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ tó ń lọ Yunifásítì ní Lọ́kọ́ja, àwọn tíṣà á ní àwọn fẹ́ èyí tí àwọn máa fi tẹ ìbéèrè ìdánwò, ẹlòmíì sì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń tẹ ìwé tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Kàbà tàbí Mọ̀pà. Owó tó wà nílẹ̀ ò lè ra tuntun, Tòkúnbọ̀ ni gbogbo wa ń rà, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀, èyí tí mo fi ń kọ nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí náà Tòkúnbọ̀ ni, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àǹtí mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Ìsánlú kó owó kajú ẹ̀ jọ, ó ní kí ẹnì kan bá òun ra láptọ́ọ̀pù bọ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn lára pé 8GB RAM (àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), háàdì dísìkì 1TB (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí), Core i5 (prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀), Windows 11 (ètò tó ń darí ẹ̀), ohun gbogbo pé. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi gbé e wá bá mi, ó ní tóun bá tàn án òun lè lọ pọn omi dé kó tó ṣí. Mo yẹ inú ẹ̀ wò. RAM 4GB ni. Core i5 náà, ti 2013 ni. Háàdì dísìkì ẹ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kàn fi tipátipá gbé Windows 11 lé e lórí kó lè dà bí ohun tuntun lójú ẹni tó ń rà á ni. Láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an ò burú o, ẹrù tí wọ́n dì lé e lórí ló ju agbára ẹ̀ lọ, bí ìgbà téèyàn di iṣu ọgọ́rùn-ún lé kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó wá ń bínú sí kẹ̀kẹ́ pé kò sáré.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé ẹ má ra kọ̀ǹpútà lójú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ mú fláàṣì tiyín dání lọ. Mo ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ fláàṣì yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú èyí tó yẹ kẹ́ ẹ máa wá kiri.

Èyí tí àwọn iléeṣẹ́ fi ṣiṣẹ́ lókè òkun ni kẹ́ ẹ wá, bíi ThinkPad ti Lenovo, Latitude ti Dell, EliteBook àti ProBook ti HP. Àwọn iléeṣẹ́ yẹn máa ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà wọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á ta àlòkù lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n lágbára, ìdè tó so ojú wọn mọ́ ìsàlẹ̀ kì í tètè já, ẹ lè tú ẹ̀yìn púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú súkúrù-díráífà lásán kẹ́ ẹ fi RAM kún un, kẹ́ ẹ yọ háàdì dísìkì kẹ́ ẹ fi SSD (ibi ìtọ́jú fáìlì tó yára jù ú lọ) rọ́pò ẹ̀, ara wọn sì wà lọ́jà tí nǹkan bá bàjẹ́. Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má rà ni àwọn pẹlẹbẹ dídán tó ní RAM 2GB tí wọ́n fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù, tí ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí ò ju 32GB lọ. Ó máa ń wu ojú, owó ẹ̀ sì kéré, àmọ́ Windows nìkan ti fẹ́ẹ̀ jẹ àyè yẹn tán kẹ́ ẹ tó fi fáìlì kan ṣoṣo síbẹ̀, ẹ ò sì lè fi nǹkan kan kún un láéláé.

Ọ̀rọ̀ Core i5 tí wọ́n máa ń pariwo yẹn, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Core i5 ti wà láti 2009, kì í ṣe orúkọ yẹn ló ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀, nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni. Tẹ́ ẹ bá rí i5-4300U, 4 tó ṣíwájú yẹn ń sọ pé ìran kẹrin ni, i5-6300U ìran kẹfà, i5-8250U ìran kẹjọ, tí nọ́ńbà náà bá wá jẹ́ márùn-ún bíi i5-10210U, ìran kẹwàá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni i3 àti i7. Nítorí náà i3 ìran kẹjọ lè sàn ju i7 ìran kejì lọ fíìfíì, ẹ má jẹ́ kí 7 yẹn dẹ́rù bà yín. Ìran kẹjọ ni kẹ́ ẹ fi sórí, torí òun ni ààlà tí Microsoft fà fún Windows 11, ohun tó bá kéré sí i, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀, wọn ò gbà á wọlé.

Ó wá kan fláàṣì tẹ́ ẹ máa fi dán láptọ́ọ̀pù wò. Fláàṣì 8GB ti tó. Ẹ lọ sí linuxmint.com, ẹ dáńlóòdù Linux Mint (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows), èyí tí wọ́n pè ní Xfce, fáìlì kan ṣoṣo ni, ó máa tó bíi 3GB, torí náà dátà òru ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa wọlé nígbà tẹ́ ẹ bá ń sùn. Tẹ́ ẹ bá ti rí kọ̀ǹpútà Windows yá, ẹ dáńlóòdù Rufus (áàpù tó máa kọ fáìlì yẹn sórí fláàṣì) sórí ẹ̀, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ fi fáìlì yẹn han Rufus, ẹ tẹ Start, kẹ́ ẹ dúró kó parí. Gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì yẹn máa pa rẹ́ o, fọ́tò ìyàwó ilé, orin, ohun gbogbo, torí náà ẹ kọ́kọ́ kó wọn kúrò. Ẹni tí kò rí kọ̀ǹpútà yá rárá, tó jẹ́ pé fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀nà wà fún un náà, áàpù Android kan wà tó ń jẹ́ EtchDroid, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó fi wáyà OTG so fláàṣì mọ́ fóònù, áàpù yẹn á kọ fáìlì náà sórí fláàṣì, ẹ ṣáà rí i pé bátìrì fóònù kún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ torí ó lè pẹ́ díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kú láàárín.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn fláàṣì yìí ni pé Linux Mint lè ṣiṣẹ́ látorí ẹ̀ tààràtà, láì fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù oníǹkan. Ẹ máa tàn án, ẹ máa rí i bó ṣe rí, ẹ máa dán gbogbo ara ẹ̀ wò, tẹ́ ẹ bá pa á, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló máa padà sí. Òǹtajà ò pàdánù nǹkan kan. Tó bá wá ní rárá, kẹ́ ẹ má kì í bọ̀ ọ́, ẹ kí i dáadáa kẹ́ ẹ máa lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù náà pátápátá, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, bó ṣe ń tàn báyìí kẹ́ ẹ ti máa tẹ F12 léraléra tó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, tó bá jẹ́ HP, F9 ni, nígbà míì Esc lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ó máa to orúkọ jáde, ẹ mú èyí tó jẹ́ orúkọ fláàṣì yín. Ní bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta Linux Mint á ti ṣí. Lẹ́yìn náà ẹ má kánjú o, kódà bí òǹtajà bá ń wo aago, owó yín ni.

Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Terminal, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ free -h, kẹ́ ẹ tẹ Enter, ó máa sọ RAM tó wà níbẹ̀ gan-an, ìwé tí wọ́n lẹ̀ ò lè parọ́ mọ́. Ẹ tẹ lscpu, ẹ ó rí nọ́ńbà prósẹ́sọ̀. Ẹ tẹ upower -d fún bátìrì, ẹ wo nọ́ńbà méjì, energy-full-design ni agbára tó ní nígbà tó jẹ́ tuntun, energy-full ni èyí tó kù fún un báyìí. Tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50 tí ìkejì wá jẹ́ 20, bátìrì yẹn ti lo ẹ̀mí ẹ̀ kọjá ìdajì, ẹ lè rà á àmọ́ ẹ fi yọ owó kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá áàpù kan tó ń jẹ́ Disks nínú ménù, ẹ tẹ orúkọ háàdì dísìkì, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta (⋮) tó wà lókè, ẹ mú SMART Data, àkọsílẹ̀ ìlera háàdì náà nìyẹn. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí Reallocated Sector Count àti Current Pending Sector Count. Òdo ló yẹ kí méjèèjì jẹ́. Tí kì í bá ṣe òdo, háàdì yẹn ti ń dágbére. Power-On Hours náà wà níbẹ̀, wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni, 20,000 wákàtí ju ọdún méjì tọ̀sántòru lọ.

Èyí tó kù, ojú àti ọwọ́ ni. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀, a dé z, nọ́ńbà, Enter, torí èyí tí kò ṣiṣẹ́ máa ń jẹ́ èyí tẹ́ ẹ nílò jù. Ẹ fi hotspot fóònù yín so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí fídíò kan, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀. Ẹ ki nǹkan bọ gbogbo ojú USB. Ẹ ṣí ojú ìwé funfun kó kún gbogbo ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìlà tàbí àbàwọ́n dúdú wà. Ẹ yọ ṣájà nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ṣé ó kú lójú ẹsẹ̀? Ẹ ki ṣájà padà, ẹ mì ín díẹ̀díẹ̀, ṣé iná ń já? Ẹ jẹ́ kó tàn fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ fáànù.

Nǹkan kan tún wà tó ti fi owó èèyàn ṣòfò ní agbègbè wa níbí. Ọmọkùnrin kan láti Ẹ̀gbẹ̀ ra láptọ́ọ̀pù mímọ́ tónítóní, ìran kẹjọ, owó tó dáa, kò sí àléébù kan lára ẹ̀. Ó délé, ó ní kóun tún Windows inú ẹ̀ gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì báyìí ni orúkọ iléeṣẹ́ kan lókè òkun yọ, wọ́n ní kó fi ímeèlì iléeṣẹ́ àwọn wọlé. Iléeṣẹ́ yẹn ò tíì yọ láptọ́ọ̀pù náà kúrò lórúkọ wọn nígbà tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó tà á fún un ò gbé fóònù mọ́. Nítorí náà tí àyè bá wà, ẹ bẹ òǹtajà kó bẹ̀rẹ̀ Windows láti ìpilẹ̀ lójú yín pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ rí ohun tó máa jáde. Ẹ tún wọ BIOS (ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣí ṣáájú Windows), bó ṣe ń tàn ni kẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́, F2 fún Dell, F10 fún HP, F1 fún ThinkPad, tó bá ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù tí òǹtajà ò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Níbẹ̀ náà ẹ wá ọ̀rọ̀ Computrace tàbí Absolute, ètò tí iléeṣẹ́ fi ń tọpa kọ̀ǹpútà wọn, tó bá jẹ́ pé ó wà ní Activated, ẹ má rà á. Kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì, tó ní nọ́ńbà ara láptọ́ọ̀pù yẹn nínú, torí ẹrù olè.

Ó dáa, ẹ ti rà á, ẹ ti gbé e délé. Kẹ́ ẹ tó ronú kan Windows tàbí Linux, tí háàdì dísìkì àtijọ́ tó ń yí ló wà nínú ẹ̀, ẹ fi owó kékeré tó kù ra SSD. Mi ò mọ nǹkan míì tó máa yí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ padà tó bẹ́ẹ̀. Háàdì àtijọ́, àwo ló ń yí nínú ẹ̀, apá kan á máa sáré lọ sáré bọ̀ lórí ẹ̀ láti wá fáìlì, tí fáìlì bá pọ̀ apá yẹn á máa lọ káàkiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lóko. SSD ò ní ohun tó ń yí nínú, ìdí nìyẹn tó fi yára, tí kì í fi tètè bàjẹ́ tí ọ̀kadà bá gbọn yín jìgìjìgì lójú ọ̀nà. Èyí tó fẹ̀ ní ínǹṣì 2.5, tí wọ́n ń pè ní SATA, ló máa wọ àyè háàdì àtijọ́, 240GB tàbí 256GB ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ fi 1TB tí wọ́n ń fi yangàn sílẹ̀, àyè ńlá ò sọ ọ́ di kíákíá. Ayédèrú SSD àti fláàṣì sì pọ̀ lọ́jà o, wọ́n á kọ 500GB sí ohun tí kò tó 32GB, ó máa gba fáìlì wọlé àmọ́ ẹ ò ní rí i mọ́. Ẹ fi áàpù H2testw lórí Windows tàbí F3 lórí Linux dán an wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, ó máa kọ nǹkan kún un dé ẹnu, á tún kà á padà, tí kò bá pé, ẹ dá a padà kíákíá kí òǹtajà tó gbàgbé ojú yín.

RAM, ẹ má kàn sáré ra èyíkéyìí. DDR3 àti DDR4 ò lè wọ ojú ara wọn, àyè tí wọ́n gé sí ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀, ẹ má fi ipá tì í. Àwọn ìran kẹrin sì máa ń fẹ́ èyí tí wọ́n kọ PC3L sí lára, L yẹn ṣe pàtàkì, òun ni èyí tó ń lo iná 1.35 fóòtì (V). Ẹ yọ èyí tó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ mú un lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ ra ìkejì ẹ̀.

Ó kù ohun tẹ́ ẹ máa gbé sínú ẹ̀, ibi tí àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí nìyí. Ọ̀rọ̀ tèmi ni pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe àti agbára láptọ́ọ̀pù yẹn ló yẹ kó yàn fún yín, kì í ṣe ohun tí ọmọ ìyá yín ní Èkó ń lò.

Tó bá jẹ́ ìran kẹjọ sókè, tí RAM ẹ̀ jẹ́ 8GB, tí SSD wà nínú ẹ̀, ẹ lo Windows 11, ó máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Microsoft kọ ọ́ síbẹ̀ pé 4GB RAM àti 64GB àyè ti tó, àmọ́ 4GB yẹn, ẹ má fara yín ṣàdánwò. Àwọn tó gbọ́dọ̀ ní Windows náà wà: ẹni tó ń fi CorelDraw ṣe iṣẹ́ ìwé ìpè àti bánà, torí CorelDraw ò sí fún Linux, ẹni tí wọ́n fún ní sọ́fítíwíà ìdánwò CBT tó jẹ́ ti Windows nìkan, ẹni tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀ ní yunifásítì ní dandan ni kó lo irú sọ́fítíwíà báyìí báyìí. Ẹ bi wọ́n léèrè ní iléèwé kẹ́ ẹ tó yàn. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ Windows, ẹ dáńlóòdù ẹ̀ lórí sáìtì Microsoft fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e láti ìpilẹ̀, kẹ́ ẹ nu èyí tí òǹtajà gbé sínú ẹ̀ dànù. Láti ìgbà Windows 8, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló ní kọ́kọ́rọ́ Windows nínú ara wọn, tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ó lè dá ara ẹ̀ mọ̀ láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Àwọn áàpù tí wọ́n fi ń já Windows gbà lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án, fáírọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, bẹ́ ẹ bá sì ń ṣe báǹkì lórí kọ̀ǹpútà yẹn ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè nìyẹn.

Windows 10 ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà. Microsoft ti dá ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún wọn á ṣì máa rí àtúnṣe ààbò gbà títí di 13 oṣù kẹwàá 2026. Lẹ́yìn ìyẹn ihò tí àwọn ọ̀daràn bá rí nínú ẹ̀ kò ní sẹ́ni tó máa dí i. Windows 7 ti kú láti oṣù kìíní 2020, ẹni tó bá ń tà á fún yín, ẹ sá. Ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà gbé Windows 11 sórí ìran kẹrin tàbí ìkẹfà, Rufus gan-an lè ṣe é, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí update fún irú ẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún àǹtí mi náà nìyẹn.

Tó bá wá jẹ́ ìran kẹta sí ìkeje, tí RAM ẹ̀ jẹ́ 4GB, Linux Mint Xfce tó wà lórí fláàṣì yín yẹn ni mo máa ń gbé sí i. Ọ̀fẹ́ ni, kì í béèrè kọ́kọ́rọ́, kì í fi tipátipá ṣe update nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991 nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì, Android inú fóònù yín náà orí ẹ̀ ló dúró lé, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì sí yín bẹ́ ẹ ṣe rò. Linux Mint 22 máa rí update gbà títí di 2029. 2GB RAM ló kéré jù tí wọ́n ní kó ní, 4GB ló dáa. Firefox (fún íntánẹ́ẹ̀tì) àti LibreOffice (tó ń ṣe iṣẹ́ bíi ti Word) ti wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lo ChromeOS Flex ti Google, ó dáa fún ẹni tí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀ mi ò lè gbà yín níyànjú ẹ̀, kò sì ń lo áàpù Play Store.

Gbígbé e sínú ẹ̀ ò le. Ẹ kó fáìlì tẹ́ ẹ fẹ́ kúrò lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tàn án látorí fláàṣì bí ti ìṣáájú, ẹ tẹ Install Linux Mint lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa bi yín ní èdè, kíbọ́ọ̀dù, ó máa béèrè bóyá kó fi ohun tó ń mú orin àti fídíò ṣiṣẹ́ kún un, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rora dáhùn ni ibi tó ti sọ pé Erase disk, ìyẹn máa pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí Windows àti Linux jọ wà, ẹ mú Install alongside, Windows ni kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ẹ mú Lagos fún aago, ẹ fún un ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù yẹn síbì kan torí kò sẹ́ni tó máa bá yín rántí ẹ̀. Tó bá parí ẹ yọ fláàṣì, ẹ tún un tàn. Tí Wi-Fi ò bá yọ, ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ ọn kẹ́ ẹ tan USB tethering, lẹ́yìn náà ẹ ṣí Driver Manager, ó máa wá ohun tó kù. Ẹ jẹ́ kí Update Manager ṣe iṣẹ́ ẹ̀ lálẹ́, kẹ́ ẹ sì tan Timeshift, òun ló máa gbé kọ̀ǹpútà padà sí àná tí nǹkan bá dàrú lónìí.

Àǹtí mi, SSD 240GB àti Linux Mint ni mo gbé sínú láptọ́ọ̀pù ẹ̀, RAM 4GB yẹn náà la fi sílẹ̀. Ó ń ṣí báyìí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ń bà á pé akọ̀wé iléèwé ń lo Word, mo fi hàn án pé tó bá ti fẹ́ tọ́jú ìwé ní LibreOffice kó mú Word, tí orúkọ ẹ̀ parí sí .docx, akọ̀wé á sì ṣí i láìsí wàhálà. Tí ìlà bá ń sún kiri, fọ́ńtì (irú lẹ́tà) ló fà á, ẹ fi ttf-mscorefonts-installer sí i, Times New Roman á wà níbẹ̀. Ohun tó mú inú ẹ̀ dùn jù ni kíbọ́ọ̀dù Yorùbá: ẹ lọ sí Keyboard nínú Settings, ẹ mú Layout, ẹ tẹ Add, ẹ wá Nigeria, Yorùbá wà lábẹ́ ẹ̀. Windows náà ní tiẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò ẹ̀ tó jẹ́ pé ó máa ń fi báírò to àmì sí lẹ́yìn tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, látorí kọ̀ǹpútà ló ti ń jáde pẹ̀lú àmì ẹ̀ báyìí, ó pè mí lórí fóònù ó ń kà á fún mi létí.

Ó ku iná àti eruku. Láptọ́ọ̀pù kì í jẹ iná púpọ̀, ọ̀pọ̀ ṣájà wọn ò ju 65 wáàtì lọ, torí náà sólà kékeré lè gbé e, kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní tiẹ̀ nílò UPS (bátìrì tó ń gbé e dúró tí iná bá lọ), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni iṣẹ́ yín á bá a lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ṣájà, fóòtì ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti láptọ́ọ̀pù mu, wáàtì ẹ̀ lè ju ti àtijọ́ lọ àmọ́ kò gbọdọ̀ kéré sí i. Nígbà ọyẹ́ eruku máa ń wọ inú fáànù, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, tí ọyẹ́ bá tán ẹ tú ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a jáde. Òjò àkọ́kọ́ inú ọdún máa ń fi ààrá wọlé, bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ tó ń kù láti ọ̀nà jíjìn kẹ́ ẹ ti yọ ṣájà lára ògiri.

Fláàṣì Linux Mint yẹn, ẹ má pa á rẹ́ o, ẹ fi sínú báàgì láptọ́ọ̀pù. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò ṣí mọ́, ẹ tàn án látorí ẹ̀, ẹ ṣí Files, ẹ ó rí háàdì dísìkì yín ní apá òsì, ẹ kó ìwé àti fọ́tò yín sórí fláàṣì míì kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni pé kó bá yín tún un ṣe.